Gentamicin: kí ni kí n máa ṣọ́ lára aláìsàn?

Ẹ̀yin àgbà nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi lọ sí wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń lo gentamicin (oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn) gan-an, mo mọ̀ pé ó lè ba kídìnrín jẹ́ àmọ́ kí ni kí n máa ṣọ́, ṣé mo sì lè pò ó mọ́ ampicillin (òun náà ń pa kòkòrò àrùn) nínú dríìpù kan náà?

— Àbúrò, má pò wọ́n pọ̀ o! Ampicillin máa ń pa agbára gentamicin, fún un ní ọ̀kan, fi sálàìnì fọ láìnì, kó o tó fún un ní ìkejì. Máa wọn ìtọ̀ rẹ̀ dáadáa, tó bá ti ń dín kù tàbí tí creatinine (ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí kídìnrín máa ń yọ) ń lọ sókè, tètè pe dókítà, má dúró di àárọ̀.

— Èmi á fi ti etí kún un torí etí tó bá ti lọ kì í sábà padà. Bi í lójoojúmọ́ bóyá etí ń hó, bóyá òòyì ń kọ́ ọ, kó o wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó bá ń rìn lọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bóyá ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Tó bá tún ń gba furosemide (oògùn tó ń mú kéèyàn tọ̀ dáadáa), ewu yẹn pọ̀ sí i.

— Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ fa ẹ̀jẹ̀ láti mọ iye gentamicin tó wà nínú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó fún un ní èyí tó kàn, ẹ kọ aago tẹ́ ẹ fà á gan-an sílẹ̀, láìsí ìyẹn èsì lábù ò wúlò. Ẹni tó bá ní myasthenia gravis (àìsàn tó ń mú kí iṣan ara máa rẹ̀) ńkọ́? Ẹ sọ fún dókítà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan síríńjì rárá.