Ọjà ààlà kọ́, ọjà ibodè ni

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Ẹ̀gbọ́n wa ará Ìperu ló kọ ọ́ ránṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú pé kí a máa pe "frontier market" (ọjà ṣíà orílẹ̀-èdè tó ṣì kéré, tó sì ṣòro fún àjèjì láti wọ̀ tàbí láti jáde) ní "ọjà ààlà", kí "emerging market" (ọjà ṣíà orílẹ̀-èdè tó ń gòkè bọ̀) sì di "ọjà tó ń yọjú". Wọ́n ní àwọn ti ń fi kọ́ àwọn ọmọ tó ń ra ṣíà (ìpín nínú ilé iṣẹ́) lórí fóònù. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n, àmọ́ "ààlà" yẹn kò jẹ́ kí n sùn.

Ẹ sọ "ọjà ààlà" sí ọmọ Ìjẹ̀bú kan létí, kí ẹ wo ibi tí ọkàn rẹ̀ máa lọ. Ìdìròkò ni, tàbí Sẹ̀mẹ̀: ìrẹsì, mọ́tò àlòkù, kọ́sítọ́ọ̀mù. "Là" ló wà nínú ààlà. Ó la ilẹ̀ sí méjì, ó sọ ibi tí tèmi parí sí, ó tán. Kò sọ ẹni tó lè wọlé, kò sọ ẹni tó lè jáde. (Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ̀gbọ́n tún kọ ọ́ ní "ọjà àlà". Aṣọ funfun nìyẹn o! Fáwẹ̀lì kan ṣoṣo ni wọ́n jẹ, ó sì ti gbé wa dé ojúbọ Ọbàtálá.)

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí Nàìjíríà lóṣù kẹsàn-án ọdún 2023? FTSE Russell, ilé iṣẹ́ tó ń to ọjà ṣíà àwọn orílẹ̀-èdè sí ìpele, yọ wá kúrò láàárín àwọn ọjà frontier. Nígbà tó di oṣù kejì ọdún 2024, MSCI, ilé iṣẹ́ bíi rẹ̀, náà yọ wá. Ìdí ni pé àwọn olówó òkèèrè ta ṣíà wọn l'Ékòó, wọ́n gba náírà, wọn ò rí dọ́là tí wọ́n máa fi kó o lọ sílé. Ààlà wa kò sún ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan. Ẹnu ọ̀nà ló há. Bákan náà ni Rọ́ṣíà lọ́dún 2022, tòun ti epo àti gáàsì rẹ̀: ogun Ukraine dé, owó àwọn àjèjì há sínú ilé, MSCI sì yọ ọ́ láàárín àwọn ọjà "emerging".

Ìyá tó bí ìyá mi, tó tajà títí l'Ókè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde, kì í sọ pé òun kọjá ààlà. "Mo yọ ní ibodè" ni wọ́n máa ń wí, kódà lásìkò tó jẹ́ ọlọ́pàá nìkan ló dúró lójú títì. Ọ̀dọ̀ bàbá wọn tó ń ná ọjà Èjìnrìn ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá ti ọjà dé, wọ́n á jókòó sórí àpótí, wọ́n á tú etí ìró, wọ́n á ka owó náà lẹ́ẹ̀kejì. "Owó tí ò bá mi délé, n ò tíì rí i."

Ibodè ni ọ̀rọ̀ tí a ń wá. Ó ní ẹnu, ó ní oníbodè, ó ṣeé ṣí, ó ṣeé tì. Ta ló tún yẹ kó mọ̀ ọ́n ju Ìjẹ̀bú lọ? Ọ̀nà tó ti ọ̀sà wọ ilẹ̀ Yorùbá ni a dì mú. Lóṣù kìíní ọdún 1892, àwọn ìránṣẹ́ Awùjalẹ̀ gbà l'Ékòó pé a ó ṣí ọ̀nà, kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì máa fi 500 pọ́ùn lọ́dún dípò owó ibodè. Lóṣù karùn-ún ọdún náà, ìbọn Gẹ̀ẹ́sì ló ṣí i lójú ogun Ìmàgbọn.

Àbúrò wa ará Ṣágámù ti dá sí i pé ibodè rán àwọn ará Rẹ́mọ létí ìrẹ́jẹ, pé ìgbéraga Ìjẹ̀bú-Òde ni mò ń gbé wọ èdè. Òótọ́ ni pé oníbodè ń gbowó lọ́wọ́ èèyàn. Ìdí gan-an tí ọ̀rọ̀ náà fi yẹ nìyẹn. Àbúrò tún ní "ibi òde" ló di ibodè. Mi ò gbà. Bó bá jẹ́ òde ni, ohùn ìsàlẹ̀ yẹn kò ní kúrò lára "ò" bọ́ sára "dè". Ibòde ni à bá máa pè é. Kó mú àpẹẹrẹ mìíràn wá, a ó jọ wò ó.

Ní ti "yọjú", mo kọ́kọ́ bínú sí i, mo ti fà sẹ́yìn. Lọ́dún 1981, Antoine van Agtmael, tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Báńkì Àgbáyé, fẹ́ dá àpò owó kan sílẹ̀ tó pè ní ti "Third World". Wọ́n sọ fún un pé kò sẹ́ni tó máa fi owó sínú nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ló bá lọ wá "emerging". Ẹ rí i pé orúkọ ń lé owó sá, ó sì ń pe owó. Ohun tó yọjú sì lè fa orí wọlé padà, ohun tó ti jáde náà sì lè padà sẹ́nu ọ̀nà: Gíríìsì wà láàárín àwọn tó ti gòkè tán ("developed"), lọ́dún 2013 MSCI dá a padà sí "emerging". Bí a bá ní ká pè é ní "ọjà tó ń dìde", kò gba ìyẹn. Yọjú gbà á. Mo fi yọjú sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n.

Àmọ́ mi ò ní fi ààlà sílẹ̀ fún wọn. Ẹni tó bá ní àgbàlagbà nílé ní Èjìnrìn tàbí Ẹ̀pẹ́, kó bi wọ́n kí wọ́n tó sùn lálẹ́ òní: ọjà tí ẹrù ń wọ̀, tí owó ẹrù kì í jáde ńbẹ̀, kí ni wọ́n ń pè é?