Bille tó bọ́ lára parabole: ibo ló máa gbà lọ?

Ọmọ Àjàṣẹ́
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Àbúrò mi obìnrin wà ní première (kíláàsì tó ṣáájú èyí tó kẹ́yìn ní lycée) níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), iṣẹ́ ilé kan tí wọ́n fún un ti ń dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láàárín wa látàná. Tábìlì tó tẹ́jú ni, wọ́n wá fi páànù tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe bí ògiri kékeré sórí ẹ̀, tó tẹ̀ lé parabole (ìlà tó tẹ̀ bí abọ́) y = x²/4, ìwọ̀n 1 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10. Bille, ìyẹn bọ́ọ̀lù kékeré, ń yí lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ páànù yẹn láti òsì sí ọ̀tún. Níbo la máa gé páànù náà mọ tí bille á fi lọ gbá agolo tó wà ní (4, 3)? Òun ní tangente ni (ìlà tààrà tó fara kan ìlà tó tẹ̀ níbì kan, tó sì kọjú síbi tí ìlà yẹn kọjú sí níbẹ̀), ó ṣe é, ó rí x = 2 àti x = 6, kò wá mọ èyí tóun máa mú. Lójú tèmi, bille tó ti ń yà bọ̀ látẹ̀yìn á ṣì máa yà díẹ̀díẹ̀ kó tó tọ́, torí náà tangente ò lè bá agolo yẹn. Ta ló jàre nínú àwa méjèèjì?

Tíṣà Kétu
Àbúrò yín ló jàre. Bille ò dédé yà, páànù ló ń tì í sínú ní gbogbo ìgbà. Ibi tí páànù bá ti tán, kò sí nǹkan tó ń tì í mọ́, ibi tó kọjú sí lásìkò yẹn gan-an ló máa bá lọ tààrà, kò ní rántí pé òun ti ń yà bọ̀. Newton ti kọ ọ́ láti 1687 pé ohun tó bá ń lọ, tí nǹkan kan ò bá tì í tí nǹkan kan ò sì fà á, ìlà tààrà ló máa tọ̀. Ẹ wo ẹrẹ̀ pupa tí táyà zémidjan (ọ̀kadà) ń ta nígbà òjò lọ́dọ̀ wa níbí, kì í bá táyà yí po, ibi tó bá ti já ló ti ń ta lọ, ẹ̀yìn aṣọ ẹni tó jókòó lẹ́yìn ló sì ń bà sí.

Ó yá, ìṣirò. Níbi x = a, pente (bí ìlà ṣe dagun tó) jẹ́ a/2, tangente wá jẹ́ y = (a/2)x − a²/4. Ẹ fi 4 sípò x, 3 sípò y, ẹ máa rí a² − 8a + 12 = 0, 2 àti 6 lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òsì ni bille ti ń bọ̀! Tẹ́ ẹ bá gé páànù ní (6, 9), bille ti kọjá agolo, ó ń gòkè lọ, agolo ti wà lẹ́yìn ẹ̀. Équation ò mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn, àwa la máa wò ó. 2 ni kó mú. Ní (2, 1) pente jẹ́ 1, ọ̀nà bille sì jẹ́ y = x − 1. Ká ní ọ̀tún ló ti ń bọ̀ ni, 6 ni.

Ará Ṣábẹ̀ẹ́
Ẹ ṣeun ẹ̀gbọ́n. Ẹ gbà mí láyè kí n bèèrè, òkúta tá a bá jù náà ń gba ọ̀nà parabole, kí ló dé tí òun ò bá tangente lọ?

Tíṣà Kétu
Torí ilẹ̀ ò jáwọ́ lára ẹ̀ ni, àbúrò. Tangente ń sọ ibi tó kọjú sí ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn, àmọ́ ilẹ̀ ṣì ń fà á, ó sì ń yà lọ sísàlẹ̀. Lórí tábìlì, igi tábìlì ló gbé bille dúró, fífà yẹn ò lè yà á sọ́tùn-ún sósì.

Ará Ṣábẹ̀ẹ́
Ó yé mi wàyí. Ọmọ Àjàṣẹ́, ẹ sọ fún àbúrò yín pé ó lè fà á láìlo dérivée (ìṣirò tá a fi ń wá pente): tangente tó bọ́ sí x = a á gé ìlà x ní a/2 gan-an. Kó fi rúlà so (1, 0) mọ́ (2, 1), ó parí.

Ọmọ Àjàṣẹ́
A ti ṣe é! Mékáníìkì kan fún wa ní bille irin látinú roulement (bẹ́ríìnì), a rẹ ẹ́ sínú ẹfun tútù kó lè fi ojú ọ̀nà sílẹ̀. Àkọ́kọ́ gba ẹ̀gbẹ́ agolo kọjá, ìgbà tá a wò ó, ẹnu páànù níbi tí a gé ti ká wọlé díẹ̀, mo fi òòlù nà án tọ́. Ẹ̀ẹ̀kejì ló gbá agolo gbàgà! Ìlà ẹfun yẹn tọ́ látibi tí páànù ti tán dé ìdí agolo, bíi sẹ̀ǹtímítà 28, a gbé équerre (rúlà onígun mẹ́ta) lé e, 45° géérégé. Mo ti tọrọ gáfárà lọ́wọ́ àbúrò mi. Ó ní lọ́la òun á gbé agolo sí (4, 5).

Tíṣà Kétu
Kó kọ́kọ́ ṣe é lórí ìwé o. a² − 8a + 20 = 0, 64 − 80 jẹ́ −16. Inú parabole ni (4, 5) wà, kò sí tangente kankan tó dé ibẹ̀.