Kí ni mo lè fún bàbá tó gbà mí sílé lókè Imlil?

Ẹ kú déédéé ìwòyí, ẹ̀yin ará. Mo wà ní Mòrókò, mo gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, mo ń fẹsẹ̀ rin òkè Atlas, lókè abúlé Imlil. Ilẹ̀ ṣú kí n tó dé ibi tí mo fẹ́ sùn, ni bàbá kan tí n kò mọ̀ rí bá ní kí n wọlé. Wọ́n fún mi ní tíì ewé míńtì tí ṣúgà kún inú rẹ̀, búrẹ́dì àti òróró ólífì, lẹ́yìn náà tajine, oúnjẹ tí wọ́n ń sè nínú ìkòkò amọ̀. Inú abọ́ kan ni gbogbo ilé ti jẹ ẹ́. Wọ́n tún tẹ́ ibùsùn fún mi.

Mo na 200 dirham, owó Mòrókò, sí wọn, wọ́n gbé ọwọ́ lé àyà, wọ́n kọ̀. (Ta ló fẹ́ kí àlejò yọ owó lẹ́yìn oúnjẹ?) Bí mo bá fi sábẹ́ ìrọ̀rí, wọ́n á rò pé mo gbàgbé rẹ̀ ni, wọ́n á sáré tẹ̀lé mi. Bí mo bá fún àwọn ọmọdé, wọ́n á máa tọrọ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá kọjá. Ó wá ku ṣúgà onígóńgó 2 kg, tí wọ́n fi bébà búlúù wé, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ máa ń gbé lọ síbi ìgbéyàwó àti ìkíni. Mo lè rà á ní Imlil, kí n fi rán ẹni tó ń da ìbaaka gòkè.

Ṣé ṣúgà yẹn nìkan tó, àbí kí n fi páálí tíì Ṣáínà kún un? Ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀. Mo ti ń dúpẹ́ kí ìdáhùn tó dé.