Ọ̀kadà Boxer 100 láti Ìbàdàn dé Ìlọrin: kí ni kí n kọ́kọ́ náwó lé?

Ẹ̀yin ará, Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo máa gbà. Ẹrù díẹ̀ wà lẹ́yìn, owó ò sì pọ̀ lọ́wọ́. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ẹlẹ́ńjìnnì: Ọ́ìlì ló ṣáájú. Ẹ da ti àtijọ́ nù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì lọ́wọ́ọ́rọ́, kí ẹ rọ 20W-50 tuntun sí i, bíi lítà kan. Ẹ má jẹ́ kó kún jù, àpọ̀jù ọ́ìlì á máa jò lára síìlì. Ẹ yọ plọ́ọ̀gì wò: bó bá dúdú bí èédú, fílítà afẹ́fẹ́ ti dọ̀tí tàbí epo ti pọ̀ jù nínú kábúrétọ̀. Àwọ̀ ilẹ̀ pupa ló dáa.

Ṣéènì-ò-gbọdọ̀-já: Ẹ di ẹrù sẹ́yìn kí ẹ tó wọn ṣéènì, torí ẹrù máa ń fà á le. Kó máa mì bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 láàárín. Bó bá le jù, bẹ́arìn á jẹ; bó bá dẹ̀, á bọ́ lórí eyín rẹ̀.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé gan-an. Ṣé kí n gbé kẹ́ẹ̀gì epo dání?

Ẹlẹ́ńjìnnì: Rárá o! Nǹkan bíi kìlómítà 160 ni, lítà 5 tó o. Tíúbù 3.00-17 kan, ìwọ̀n táyà ẹ̀yìn, ni kí ẹ gbé, iwájú náà á gbà á bó bá di dandan, pẹ̀lú páǹpù àti wáyà kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ má sáré kọjá kìlómítà 60 ní wákàtí kan, pàápàá níbi tí tírélà ti ń fẹ́ atẹ́gùn luni.