Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: window manager (ètò tó ń to àwọn wíńdò sójú ẹ̀rọ) wo ló fúyẹ́ fún láptọ̀ọ̀pù 2GB?

laptop_arugbo: Ẹ kú iṣẹ́ o. Láptọ̀ọ̀pù mi ti pẹ́, RAM ẹ̀ ò ju 2GB lọ, Debian (Linux ni) pẹ̀lú GNOME tó ń gbé ojú ẹ̀rọ jáde ló wà lórí ẹ̀, tí mo bá ti ṣí Firefox báyìí ó di kó máa mí hẹlẹ. Mo fẹ́ èyí tó fúyẹ́, àmọ́ ẹ má fún mi léyìí tó máa ní kí n lọ kọ́ kóòdù o, lẹ́tà ni mò ń tẹ̀ ní tèmi.

alate: Openbox ni kẹ́ ẹ gbé jàre.

`sudo apt install openbox tint2 feh`

Tint2 ni pánẹ́ẹ̀lì, feh ló ń gbé fọ́tò sójú ẹ̀rọ. Tó bá parí, ẹ log out, níbi tẹ́ ẹ ti fẹ́ tẹ password, ẹ mú Openbox lára àwọn session. Ẹ má jáyà o, ojú òfìfo lẹ máa bá, kò sí bọ́tìnnì, kò sí nǹkankan, ẹ ṣáà ṣe right-click, mẹ́nù á yọ. Èmi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo rò pé mo ti ba ẹ̀rọ jẹ́ ni, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pa á tí mo tún tàn án.

mod_enter: i3 jù ú lọ! Windows + Enter, terminal (ibi tẹ́ ẹ ti ń tẹ àṣẹ) ti dé, fáìlì kan ṣoṣo náà lẹ máa tún ṣe, ọwọ́ yín ò ní kan máòsì mọ́.

alate: Ẹ̀gbọ́n, lẹ́tà ló ń tẹ̀ o 😂

mod_enter: Ẹ dúpẹ́ pé mi ò pe dwm, ìyẹn tẹ́ ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ àwọ̀ lásán, ẹ ó tún un compile (ẹ ó tún kóòdù ẹ̀ sọ di ètò).

eja_tutu: Tí ò bá wù yín láti to nǹkankan fúnra yín, antiX (Linux mìíràn) ti gbé IceWM, window manager fífúyẹ́, wá látilé. Àmọ́ kò sí èyí tó máa gbà yín lọ́wọ́ Firefox o, òun gan-an ló ń jẹ RAM yẹn, ẹ má ṣí tab ogún.

laptop_arugbo: Mo ti gbé Openbox, ó yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ! Àmọ́ mo kọ èyí sínú `~/.config/openbox/autostart`, fáìlì tó ń ṣí nǹkan fúnra ẹ̀ tí mo bá wọlé:

`tint2`
`feh --bg-fill ~/ile.jpg`
`setxkbmap -layout ng -variant yoruba`

Tint2 yọ, fọ́tò ò yọ, kíbọ́ọ̀dù Yorùbá náà ò ṣiṣẹ́.

alate: `&` lẹ gbàgbé, òun ló ń jẹ́ kí ìlà tó kàn máa lọ láìdúró. Tint2 kì í parí, ṣe ló ń ṣiṣẹ́ lọ, àwọn ìlà tó kù wá jókòó tì í wọ́n ń dúró kó ṣe tán. Ẹ kọ ọ́ báyìí: `tint2 &`, kẹ́ ẹ log out padà wọlé.

laptop_arugbo: Ọ̀ rèé, ẹ̀ rèé, ṣ rèé. Ẹ ṣé gan-an ni!