Èsì: "Agbaninímọ̀ràn" kò bá iṣẹ́ yìí mu

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó dá mi lóhùn lánàá ní kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú, pé "agbaninímọ̀ràn" ni kí n pe therapist, ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ sísọ tọ́jú ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, nínú ìwé pélébé tí mò ń túmọ̀ fún ilé ìtọ́jú kan ní Sábó, Yábàá. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn. Ta ni kì í gbani nímọ̀ràn l'Ékòó? Kọ̀ńdọ́ tó jẹ yín ní ṣéńjì gan-an á gbà yín nímọ̀ràn.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé obìnrin kan ń gbé ní Oworo, ó ń tajà ní Ìdúmọ̀tà. Sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ há bọ́ọ̀sì wọn mọ́ orí Third Mainland lọ́jọ́ kan, àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já, òógùn bò ó, ó ní ikú dé. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí àrùn kankan. Síbẹ̀, kò gun afárá yẹn mọ́. Ìkòròdú Road ló ń gbà yí po dé Carter Bridge. Àwọn ará ilé ti gbà á nímọ̀ràn títí: má bẹ̀rù, gbàdúrà, mu omi tútù.

Therapist kò ní sọ ìkankan nínú ìyẹn. Ìbéèrè ló máa bi í.

"Kí ló wá sí yín lọ́kàn nígbà tí àyà yín ń já?"

"Pé mò ń kú lọ ni."

"Báwo ló ṣe wá parí?"

"Ó kàn rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ ni."

Irú ìbéèrè yìí wà lára ohun tí Aaron Beck, dókítà ọpọlọ ará Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1960. Lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì á jọ to ohun tó ń bà á lẹ́rù, láti orí òdo dé 10. Kó jókòó sínú dánfó tí kò tíì gbéra: 3. Third Mainland láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú tí ọ̀nà dá: 7. Àárọ̀ Mọ́ńdè: 10. Orí 3 ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, kò sì ní sọ̀ kalẹ̀ títí ẹ̀rù náà á fi rọlẹ̀. Sísá ló ń bọ́ ẹ̀rù. Gbogbo ìgbà tó bá yí po, ọkàn rẹ̀ á gbà pé yíyí po ló gba òun là. Ìmọ̀ràn dà níbẹ̀?

Ìdí nìyí tí mo fi ní ká lo "abánirò". A ti ní abánigbé, a ní abánidíje. Bí ọ̀rọ̀ bá sì ká wa láyà, "ẹ bá mi rò ó" náà là ń sọ. Ẹni tó ń dá a rò ni àròkàn ń mú, àròkàn ló sì ń fa ẹkún àsun-ùn-dá. Ní Zimbabwe, níbi tí dókítà ọpọlọ kan, Dixon Chibanda, ti kó àwọn ìyá àgbà jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti máa gbọ́ tẹnu èèyàn, "kufungisisa" ni wọ́n ń lò, ọ̀rọ̀ Shona fún ìrònú àpọ̀jù. Wọn ò wá ọ̀rọ̀ ńlá lọ síbì kankan.

Àǹtí wa l'Ẹ́bútẹ́ Mẹ́ta ní "abánirò" jọ abánidárò. Ó jọ ọ́ lóòótọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa gbé aṣọ ọ̀fọ̀ wọ̀ lọ síbẹ̀. Ẹni tó ní àwọn èèyàn á gbọ́ Àró, ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Abẹ́òkúta, níbi tí dókítà Adeoye Lambo ti fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí abúlé láti 1954, kò tẹ́tí sí ohùn: rò kì í ṣe ró. "Olùtọ́jú ọpọlọ" tí òun fúnra rẹ̀ mú wá ló léwu jù. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Yábàá, tí wọ́n ń pè ní Yábàá Left, ti wà níbẹ̀ láti 1907. Ẹ dárúkọ ọpọlọ ní Sábó, Yábàá Left ni wọ́n máa gbọ́, wọ́n á sì sá.

Ní ti ẹni tó wá gba ìtọ́jú, Carl Rogers, onímọ̀ nípa ọkàn ará Amẹ́ríkà, kọ̀ láti máa pè é ní aláìsàn, èmi náà kọ̀. "Oníbàárà" ni mo kọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí atẹ̀wé bá já àmì ohùn sílẹ̀, ẹlòmíràn á kà á sí oníbáárà tó ń ṣagbe. Mo pe ìpàdé kọ̀ọ̀kan ní "ìjókòó". Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù lọ́wọ́, kó jọ̀ọ́ fi ránṣẹ́ kí n tó gbé ìwé lọ Ṣómólú fún títẹ̀.