Chiropractor yí ọrùn mi ní England, ìrora rẹ̀ bá mi délé

ỌMỌ ADÁTÁN: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Abẹ́òkúta ni mo wà báyìí, ìsìnkú bàbá wa ló gbé mi wálé. Kí n tó kúrò ní England, ọrùn mi gan, mo bá lọ bá chiropractor, ìyẹn àwọn tó ń fọwọ́ yí ọrùn àti ẹ̀yìn tó bá ń roni. Ó gbá mi lágbọ̀n mú, ó fọwọ́ kejì ti ìpàkọ́ mi, ó yí orí mi lójijì, ọrùn dún kẹ́kẹ́. Ó ní bó bá ro mí fún ọjọ́ kan sí méjì, kí n má fòyà. Ó ti lé lọ́sẹ̀ kan, kò lọ. Ẹ̀yìn ọrùn lápá òsì ni, ó gba ìpàkọ́ gòkè, irú ẹ̀fọ́rí tí n kò ní rí. Ìka òsì mi méjì ń kú, bí ẹni pé èèrà ń rìn níbẹ̀. Lánàá, mo gbójú sókè wo àwọn tó ń gbé kánópì ró lágboolé, òòyì kọ́ mi, ògiri ni mo dì mú. Màmá ti ránṣẹ́ pe bàbá kan tó ń to eegun, ó ń bọ̀ lọ́sàn-án. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

NỌ́Ọ̀SÌ ÌBARÀ: Àbúrò mi, ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ọrùn yẹn lónìí. Teegunteegun o, ẹni tó ń wọ́ra o, onígbàjámọ̀ tó máa ń yí ọrùn èèyàn lẹ́yìn tó bá gẹrun tán o, kí gbogbo wọn yàgò. Àwọn teegunteegun wa mọṣẹ́ apá àti ẹsẹ̀, mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tìẹ lè má jẹ́ ti eegun rárá.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù rèé. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá mẹ́rin ló gba ọrùn lọ sí ọpọlọ, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn. Àwọn ti ẹ̀yìn gba inú ihò lára eegun ọrùn kọjá, wọ́n sì ṣẹ́ kọ́nà lókè níbi tí orí ti jókòó lé ọrùn. Awọ inú iṣan yìí lè ya. Bó bá ya, ẹ̀jẹ̀ á dì níbẹ̀, èyí tó dì lè já lọ sínú ọpọlọ, ó di rọpárọsẹ̀. Kì í ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́, n kò fẹ́ kí àyà ẹ já. Ní 2014, American Heart Association, ẹgbẹ́ tó ń rí sí àìsàn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ jáde pé yíyí ọrùn àti irú yíya yìí máa ń bára wọn rìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì dájú pé òun ló ń fà á. Nígbà míì, iṣan ti ya tẹ́lẹ̀, ìrora rẹ̀ gan-an ló gbé èèyàn dé ọ̀dọ̀ chiropractor. Èyí tó wù kó jẹ́, kò yẹ kí wọ́n tún un yí. Ó sì lè tó ọjọ́ mélòó kan, àní ọ̀sẹ̀ pàápàá, kí rọpárọsẹ̀ tó yọjú, nítorí náà má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ẹ pé ewu ti kọjá.

Ìrora lásán sábà máa ń rọlẹ̀ láàárín wákàtí 24 sí 48. Tìẹ ò rọlẹ̀, òòyì tún tẹ̀lé e. Ilé ìwòsàn ni, lónìí.

ÌYÁ ÌBEJÌ, KÚTỌ̀: FMC, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Àbà, ni kí ẹ gbà lọ, ẹ̀ka pàjáwìrì tààrà. Ẹ mú owó dání, ẹ sì mú ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá dání tó lè máa bá yín sáré sanwó, sáré gba èsì.

ỌMỌ ADÁTÁN: Ẹ ṣé mà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí n kàn ya X-ray ní Pànṣẹ́kẹ́, pé kò wọ́n.

NỌ́Ọ̀SÌ ÌBARÀ: Eegun ni X-ray ń fi hàn, kò ní fi iṣan ẹ̀jẹ̀ hàn. CT tí wọ́n máa gún ẹ lábẹ́rẹ́ kan fún kí iṣan lè yọ dáadáa, tàbí MRI, ló lè fi í hàn; ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara ni méjèèjì. Bí kò bá ṣeé ṣe níbẹ̀ lónìí, kí dókítà kọ̀wé gbé ẹ lọ UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti Ìbàdàn. Sọ fún wọn pé: "Wọ́n yí ọrùn mi lójijì. Láti ìgbà náà ni ọrùn àti ìpàkọ́ ti ń ro mí, òòyì ń kọ́ mi, ìka mi ń kú. Ẹ bá mi wò ó bóyá iṣan ọrùn ti ya." Kọ ọ́ sínú fóònù kí ẹni tó tẹ̀lé ẹ lè kà á fún wọn.

Bí o bá ń rí nǹkan kan ní méjì, bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́ lẹ́nu ẹ, tí omi ò ṣeé gbé mì, tí ìpéǹpéjú kan wálẹ̀, tí o ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí o bá ń rìn, kí wọ́n má fi ìṣẹ́jú kan ṣòfò. Ojú, apá àti ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń kọ́ wa láti wò fún rọpárọsẹ̀ ní England, ṣùgbọ́n èyí tó bá gba ẹ̀yìn ọrùn wá lè má kan ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níbẹ̀rẹ̀. Paracetamol o lè lò. Aspirin, má dá a lò. Wọ́n lè fún ẹ lọ́hùn-ún, àmọ́ ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ rí i pé ẹ̀jẹ̀ kò ya sínú orí.

Ẹ̀GBỌ́N PECKHAM: Bí o bá ní ìnṣọ́ránsì ìrìn àjò, pè wọ́n kí wọ́n tó dá ẹ dúró sí wọ́ọ̀dù, torí NHS, ètò ìlera ìjọba ní England, kò ní sanwó tí o ná nílé. Lẹ́yìn náà, kọ lẹ́tà sí ọ̀dọ̀ chiropractor yẹn pé o fẹ́ gbogbo ohun tí wọ́n kọ nípa ẹ. Òfin fún wọn ní oṣù kan láti fi ránṣẹ́, ọ̀fẹ́ sì ni. Òfin 1994 ló gbé General Chiropractic Council, àjọ tó ń mójú tó àwọn chiropractor níbẹ̀, kalẹ̀. Ibẹ̀ la ti ń wò ó bóyá orúkọ ẹni náà wà nínú ìwé wọn, ibẹ̀ náà la ti ń fẹjọ́ sùn. Ìyẹn lè dúró, ara ẹ ló kọ́kọ́.

ỌMỌ ADÁTÁN: Màmá ò fẹ́ gbà o. Wọ́n ní òyìnbó kò mọ eegun bí tiwa.

NỌ́Ọ̀SÌ ÌBARÀ: Gbé fóònù fún wọn, mò ń pè báyìí.

ỌMỌ ADÁTÁN: Wọ́n gbọ́ tiyín ju tèmi lọ. Wọ́n ti ní kí bàbá yẹn má wulẹ̀ wá mọ́, àwọn fúnra wọn ló ń wá ìró báyìí kí wọ́n bá mi lọ. A ti ń jáde.

NỌ́Ọ̀SÌ ÌBARÀ: Má wa ọkọ̀ fúnra ẹ, má sì gun ọ̀kadà. Kí awakọ̀ rọra gba orí kòtò. Bí dókítà bá ti rí ẹ, kọ ohun tó sọ síbí, mi ò ní kúrò nídìí fóònù.